Fáànù Tó Kú Lórí Mọ́dàbọ́ọ̀dù: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí tí ó ń kọ "CPU Fan Error" sójú kí ó tó wọ Windows, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá gbé e lọ bá ni pé mọ́dàbọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ti bàjẹ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, fáànù kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mọ́dàbọ́ọ̀dù ni ó kú, mọ́dàbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ: ó rí i pé fáànù kò yí, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ (CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) gbóná kọjá ààlà. Iṣẹ́ pípààrọ̀ náà kò le, nítorí síkúrù mẹ́rin àti púlọ́ọ̀gì kan ni ó sábà máa ń jẹ́. Ohun tó ń da àwọn ènìyàn rú ni pé fáànù tuntun lè wọ ibi tí ti àtijọ́ wà wẹ́kú, kí ó máa yí kíkankíkan lójú gbogbo ayé, kí mọ́dàbọ́ọ̀dù sì tún máa sọ pé òun kò rí fáànù kankan. Mọ́dàbọ́ọ̀dù kò lójú tí yóò fi wo fáànù. Iṣẹ́ tí wáyà kan ń jẹ́ fún un ni ó ń kà. Ẹni tó bá mọ ohun tí wáyà yẹn ń sọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ fáànù tí à ń bá wí. Fáànù márùn-ún tàbí mẹ́fà lè wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ wọn kan mọ́dàbọ́ọ̀dù. Èyí tó wà nínú power pack, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ń gba iná láti inú power pack fúnra rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná ṣí àpótí yẹn rárá, nítorí pé iná tó lè pa ènìyàn lè ṣì wà nínú capacitor rẹ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná, lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ti graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, wà lábẹ́ àṣẹ káàdì náà. Àwọn tó kù ni ti mọ́dàbọ́ọ̀dù: fáànù prósẹ́sọ̀, tí a máa ń so mọ́ ẹnu tí wọ́n kọ CPU_FAN sí; àwọn tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé tàbí jáde nínú àpótí kọ̀ǹpútà, tí a ń so mọ́ SYS_FAN tàbí CHA_FAN; àti, lórí àwọn mọ́dàbọ́ọ̀dù kan, fáànù kékeré kan tó jókòó lórí chipset.

Fáànù orí chipset yìí ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Chipset ni alárinà láàárín prósẹ́sọ̀ àti àwọn nǹkan bíi ẹnu USB, àwọn dísìkì SATA àti díẹ̀ lára àwọn káàdì tí a ń kì bọ mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, pàápàá lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Nvidia gbé chipset nForce4 jáde ní 2004, fáànù mìlímítà 40 wọ́pọ̀ lórí chipset, ó sì wọ́pọ̀ bákan náà pé kí ó kú nígbà tí ohun gbogbo yòókù lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ilé iṣẹ́ wá ń lo irin lásán àti páìpù tó ń gbé ooru dípò rẹ̀, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ fáànù yẹn ti parí. Àfi ìgbà tí ilé iṣẹ́ AMD mú chipset X570 jáde ní oṣù Keje ọdún 2019. X570 ni chipset àkọ́kọ́ fún kọ̀ǹpútà ilé tó gba PCIe 4.0, ọ̀nà tí káàdì àti dísìkì tó yára fi ń bá prósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀, iná tó ń jẹ sì tó nǹkan bíi watt 11, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí X470 tó ṣáájú rẹ̀ ń jẹ. Fáànù kékeré tún padà sórí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo mọ́dàbọ́ọ̀dù tó ní chipset yẹn. Nígbà tó di 2021, àwọn mọ́dàbọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní X570S bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìní fáànù, ṣùgbọ́n àwọn tí a ti rà ní 2019 àti 2020 ṣì wà lábẹ́ tábìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn, fáànù wọn sì ti ń dàgbà.

Fáànù fúnra rẹ̀ kì í mú nǹkan tutù. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní heat sink, ni ó ń fa ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀ tàbí chipset, tí ó sì ń tàn án ká sára àwọn pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín tó pọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kàn án. Ẹni tó bá ti da ẹ̀kọ gbígbóná sínú àwo fífẹ̀, tí ó sì ń fi ẹnu fẹ́ ẹ, mọ ohun tí à ń wí: àwo ni ó fún ooru láyè láti jáde, atẹ́gùn ẹnu kàn ń gbé ooru tó ti jáde lọ ni. Nígbà tí fáànù bá dúró, irin náà ṣì ń gba ooru, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó yí i ká ti gbóná tán, kò sì sí ohun tí yóò gbé e kúrò níbẹ̀. Prósẹ́sọ̀ òde òní kì í jóná lójú ẹsẹ̀ nítorí èyí. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe é fi dè é, èyí tó jẹ́ 100 °C fún ọ̀pọ̀ lára ti Intel, tí ó sì wà láàárín 90 sí 95 °C fún ọ̀pọ̀ lára AMD Ryzen, yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀; bí ooru bá tún ń gòkè síbẹ̀, yóò pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá. Ìdí nìyí tí àmì àkọ́kọ́ fáànù prósẹ́sọ̀ tó kú fi sábà máa ń jẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀, kì í ṣe èyí tó kọ̀ láti tàn. Ti chipset tún yàtọ̀. Chipset tó gbóná jù lè mú kí ẹnu USB máa já, kí dísìkì pòórá lójijì, tàbí kí ojú kọ̀ǹpútà dì gbagidi, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ronú pé fáànù ni ó wà nídìí irú nǹkan báwọ̀nyí.

Bẹ́árìn, ìyẹn ibi tí ọ̀pá fáànù ti ń yí, ni ó sábà máa ń pa fáànù. Nínú fáànù olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pá irin kékeré kan ni ó ń yí nínú ihò róbótó tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí. Sleeve bearing ni orúkọ rẹ̀ lára páálí. Bí epo náà bá ti ń gbẹ, ọ̀pá náà á máa ha ihò náà, fáànù á máa ké nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, ariwo náà á sì rọlẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti gbóná. Àríwo tó ń rọlẹ̀ yìí ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ, tí wọ́n fi ń rò pé ó ti san. Èyí tó ní ball bearing máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá níbi tó gbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pariwo díẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà á. Fún fáànù kékeré tó ń sáré lórí irin gbígbóná, èmi yóò yan ball bearing láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Eruku náà ń dá kún un: lásìkò ọyẹ́, eruku tó ń ti Sàhárà wá máa ń wọ ibi gbogbo, bí kọ̀ǹpútà bá sì wà nítòsí fèrèsé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé, eruku náà á di ẹ̀gbin dúdú tó lẹ̀ mọ́ irin heat sink pinpin. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbọn eruku náà kúrò, ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kí ó má baà yí, nítorí pé ẹ̀rọ yẹn lè mú kí fáànù sáré kọjá agbára bẹ́árìn rẹ̀.

Kí a tó ná owó, ó yẹ kí a rí i dájú pé fáànù náà kú lóòótọ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ sì fi ìka rọra yí abẹ fáànù náà. Fáànù tó dára yóò yí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó dúró lójú ẹsẹ̀, tó ń ha, tàbí tó ń mì sọ́tùn-ún sósì lórí ọ̀pá rẹ̀, bẹ́árìn rẹ̀ ni ó ti bàjẹ́. Bí ó bá yí dáadáa lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò yí nígbà tí iná dé, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù X570 ní ètò tó ń dá fáànù chipset dúró nígbà tí ibẹ̀ kò bá tíì gbóná, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ń ṣe sí fáànù àpótí. Fáànù tó dúró nítorí pé wọ́n ní kí ó dúró kì í ṣe òkú. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí a pààrọ̀ ẹnu. Ẹ pa iná, ẹ so fáànù tí ẹ fura sí mọ́ ẹnu SYS_FAN, ẹ tan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ sì wò ó. Bí ó bá yí níbẹ̀, ẹnu CPU_FAN tàbí ètò rẹ̀ nínú BIOS, ètò inú mọ́dàbọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé, ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Bí kò bá yí níbẹ̀ náà, ẹ mú fáànù mìíràn tó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ so ó mọ́ CPU_FAN. Bí ìyẹn bá yí, ọ̀rọ̀ ti hàn, mọ́dàbọ́ọ̀dù kò ní àìsàn kankan.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wáyà. Púlọ́ọ̀gì fáànù lè ní wáyà méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wáyà àkọ́kọ́ ni iná ń gbà padà, dúdú ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Èkejì ni ó ń gbé volt 12 wá láti ara mọ́dàbọ́ọ̀dù. Méjèèjì yìí nìkan ni fáànù nílò kí ó tó lè yí. Ẹ̀kẹta kì í gbé iná fún fáànù rárá: fáànù ni ó ń fi í ránṣẹ́ sí mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ní gbogbo ìgbà tí abẹ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, fáànù máa ń ta mọ́dàbọ́ọ̀dù lólobó lẹ́ẹ̀mejì lórí wáyà yìí. Mọ́dàbọ́ọ̀dù á kà á, á pín in sí méjì, á sì ti ibẹ̀ mọ iye ìgbà tí fáànù ń yí po ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí wọ́n ń kọ ní RPM. Ẹ̀kẹrin ni mọ́dàbọ́ọ̀dù fi ń pàṣẹ eré tí fáànù yóò sá. PWM ni wọ́n ń pe ètò yìí: mọ́dàbọ́ọ̀dù ń tan àmì kan, ó sì ń pa á, ní nǹkan bí ìgbà 25,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí àmì náà bá sì ṣe pẹ́ tó ní títàn nígbà kọ̀ọ̀kan ni fáànù ṣe máa sáré tó.

Láti ibi yìí ni a ti lè rí ìdí tí fáànù tó ń yí kíkankíkan fi lè jẹ́ òkú lójú mọ́dàbọ́ọ̀dù. Bí ó bá jẹ́ oníwáyà méjì, kò sí wáyà tí yóò jíṣẹ́ ìyípo, iye tí mọ́dàbọ́ọ̀dù yóò kà sì jẹ́ òdo. Bákan náà ni bí ẹnì kan bá so fáànù prósẹ́sọ̀ tààrà mọ́ wáyà power pack, èyí tí àwọn kan máa ń ṣe nígbà tí púlọ́ọ̀gì kò bá bára mu: atẹ́gùn ń fẹ́, heat sink tutù, ṣùgbọ́n ẹnu CPU_FAN ṣófo, mọ́dàbọ́ọ̀dù á sì máa ké "CPU Fan Error" ní gbogbo àárọ̀, á ní kí a tẹ F1 kí òun tó tẹ̀ síwájú. Fáànù oníwáyà mẹ́ta lè wọ ẹnu onípíìnì mẹ́rin láìsí ewu, nítorí pé ike kékeré tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu náà ni yóò darí rẹ̀ sí orí píìnì mẹ́ta àkọ́kọ́. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé yóò máa sáré ní gbogbo agbára rẹ̀, àfi bí a bá wọ inú BIOS tí a sì yí ètò ẹnu yẹn láti PWM sí DC, kí mọ́dàbọ́ọ̀dù lè máa dín volt kù dípò fífi àmì pàṣẹ. Oníwáyà mẹ́rin náà lè wọ ẹnu onípíìnì mẹ́ta, yóò sì ṣiṣẹ́.

Ibi tí ewu gidi wà ni kí a gé púlọ́ọ̀gì fáànù àtijọ́, kí a so wáyà rẹ̀ mọ́ ti tuntun ní àwọ̀ sí àwọ̀, bí a ti ń rí i ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe. Lára ọ̀pọ̀ fáànù oníwáyà mẹ́ta, wáyà pupa ni ó ń gbé volt 12, wáyà yẹ́lò sì ni ó ń ka ìyípo. Lára ọ̀pọ̀ fáànù oníwáyà mẹ́rin, wáyà yẹ́lò gan-an ni ó ń gbé volt 12, ti àwọ̀ ewé ni ó ń ka ìyípo, ti búlúù sì ni ó ń gba àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá so yẹ́lò mọ́ yẹ́lò lè máa ti volt 12 bọ wáyà tí kò yẹ kí ó gbé ju àmì kékeré lọ, fáànù tí kò tó nǹkan sì lè di mọ́dàbọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ lóòótọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tí wáyà wọn dúdú látòkèdélẹ̀. Ipò tí wáyà wà nínú púlọ́ọ̀gì ni kí a gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ipò yìí pàápàá kò kan gbogbo ẹ̀rọ. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń dé sí orílẹ̀-èdè wa gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, irú Dell OptiPlex tó kún Computer Village ní Ìkẹjà, sábà máa ń ní púlọ́ọ̀gì fáànù tiwọn, onípíìnì márùn-ún, tí ètò rẹ̀ kò bá ti mọ́dàbọ́ọ̀dù lásán mu. Fáànù ọjà lásán kò ní wọ ibẹ̀, ẹ má sì fi ipá kì í. Fáànù tòkunbọ̀ láti ara ẹ̀rọ irú kan náà, tàbí wáyà ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún un, ni ojútùú rẹ̀. Àwọn HP kan ní tiwọn máa ń fi nọ́ńbà sọ ohun tó ń ṣe wọ́n: 511 túmọ̀ sí pé wọn kò rí fáànù prósẹ́sọ̀, 512 sì jẹ́ ti fáànù àpótí. Ó yẹ kí a ka nọ́ńbà náà kí a tó ṣí ohunkóhun, nítorí mo ti rí i tí wọ́n ń pààrọ̀ fáànù prósẹ́sọ̀ nítorí ẹjọ́ fáànù ẹ̀yìn àpótí.

Nígbà tí a bá fẹ́ ra tuntun, sítíkà tó wà ní àárín fáànù àtijọ́ ni kí a kọ́kọ́ kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba pé kí a tú fáànù náà kí a tó rí i. Volt rẹ̀ wà níbẹ̀, 12 fún ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, 5 fún ọ̀pọ̀ lára ti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Iná tó ń fà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí a ń kọ pẹ̀lú lẹ́tà A. Ẹnu fáànù lórí ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ gbé ju 1 A lọ, fáànù lásán kì í sì í sún mọ́ ìdajì ìyẹn. Ìwọ̀n fáànù jẹ́ ti igun kan férémù dé ìkejì, kì í ṣe ti abẹ. Ihò síkúrù fáànù mìlímítà 40 jìnnà síra wọn ní mìlímítà 32, ti 80 jẹ́ 71.5, ti 92 jẹ́ 82.5, ti 120 sì jẹ́ 105. Ẹ má gbàgbé nínípọn rẹ̀, nítorí fáànù mìlímítà 40 tó nípọn ní mìlímítà 20 lè dí káàdì tí yóò wọ òkè rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí ti mìlímítà 10 yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Fáànù X570 ló máa ń ṣòro rà jù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní férémù onígun mẹ́rin rárá. Abẹ àti mọ́tò lásán ni, tí wọ́n dè mọ́ inú irin chipset lábẹ́ ìbòrí, síkúrù ìbòrí náà sì lè wà lẹ́yìn mọ́dàbọ́ọ̀dù, èyí tó túmọ̀ sí pé a óò yọ mọ́dàbọ́ọ̀dù kúrò nínú àpótí. Nọ́ńbà orí sítíkà fáànù náà ni kí a fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ mọ́dàbọ́ọ̀dù nìkan. Bí àtìlẹ́yìn olùtà (warranty) kò bá tíì parí, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́dàbọ́ọ̀dù ni kí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Títí fáànù náà yóò fi dé, fáànù 80 tàbí 120 tí a so mọ́ SYS_FAN, tí a sì dojú rẹ̀ kọ chipset láti inú àpótí, lè gbé ooru náà. Kò dùn-ún wò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ni irin ń fẹ́.

Bí a bá wá dé ìdí iṣẹ́, kí a yọ wáyà iná kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí iná tó kù lè tán, kí a sì fọwọ́ kan irin ara àpótí kí a tó kan mọ́dàbọ́ọ̀dù, pàápàá lásìkò ọyẹ́ nígbà tí ara gbígbẹ máa ń kó iná jọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí fáànù náà ṣe dè mọ́ heat sink. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ jù níbí ni pé, bí ó bá jẹ́ fáànù nìkan ni ó kú, kò sí ìdí láti gbé heat sink kúrò lórí prósẹ́sọ̀. Lára ọ̀pọ̀ heat sink, síkúrù mẹ́rin tàbí wáyà irin méjì ni ó de fáànù mọ́ òkè rẹ̀. A lè tú ìyẹn, kí a gbé fáànù kúrò, kí a sì gbé tuntun sí i láìyọ irin lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kíyèsí ojú tí atẹ́gùn ń gbà jáde kí ẹ tó tú u: ẹ̀gbẹ́ tó ní ọ̀pá férémù, tí sítíkà wà, ni atẹ́gùn ń gbà jáde, fáànù orí heat sink sì sábà máa ń fẹ́ sórí irin náà, kì í ṣe kúrò lórí rẹ̀.

Bí heat sink bá gbọ́dọ̀ kúrò, tàbí bí ó bá ṣèèṣì gbéra, péèsìtì, ọ̀rá tó ń gbé ooru láàárín rẹ̀ àti prósẹ́sọ̀, ti bàjẹ́ nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ dá irin náà padà sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lára àwọn Intel tó ní ẹsẹ̀ ike mẹ́rin, kí a yí orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí ọfà rẹ̀ tọ́ka sí kí a tó fà á sókè. Fún AMD tó ń lo ẹnu AM4, sùúrù ni: abẹ́ prósẹ́sọ̀ ni píìnì rẹ̀ wà, 1,331 ni iye wọn, péèsìtì tó ti gbẹ sì lè di irin mú débi pé ẹni tó bá fà á lójijì yóò fa prósẹ́sọ̀ jáde kúrò nínú ẹnu rẹ̀, yóò sì tẹ píìnì rẹ̀. Kí a tan kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú kí péèsìtì lè rọ̀, kí a pa á kí a sì yọ iná, kí a wá rọra máa yí irin náà sọ́tùn-ún sósì títí tí yóò fi jáwọ́. Ọtí isopropyl tó mọ́, ti ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún sókè, àti aṣọ tí kì í tú ni a fi ń nu péèsìtì àtijọ́ kúrò. Ẹ̀kán tuntun tó tó hóró ẹ̀wà kékeré kan ní àárín prósẹ́sọ̀ ti tó. Irin ni yóò tẹ̀ ẹ́ tàn. Bí a bá ń de síkúrù rẹ̀, kí a máa mú un lọ́nà tó dojú kọra wọn, díẹ̀díẹ̀, kí irin náà má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àwọn kan yóò béèrè bóyá a kò lè ta epo sí fáànù tó ń ké, kí owó ìrà rẹ̀ má baà jáde. A lè ṣe é, bí sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣeé ká sókè tí ihò bẹ́árìn sì hàn lábẹ́ rẹ̀: ẹ̀kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan, kí a sì dá sítíkà náà padà kí epo má baà fọ́n ká. Òróró tí a fi ń se oúnjẹ kò ṣeé lò, nítorí yóò di gọ́ọ̀mù. WD-40 náà kò tọ́ sí i, nítorí ó máa ń fọ epo tó kù kúrò, òun náà á sì gbẹ. Àsìkò ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń rà fún wa. Ọ̀pá tó ti jẹ ihò rẹ̀ kò ní padà sípò, epo kò sì ran fáànù tí mọ́tò rẹ̀ ti jó.

Lẹ́yìn tí fáànù tuntun bá ti wà níbẹ̀, inú BIOS ni kí a kọ́kọ́ wọ̀ dípò Windows. Ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Hardware Monitor, tàbí Q-Fan, tàbí Smart Fan, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ti sọ ọ́, yóò fi RPM hàn. Bí ó bá jẹ́ òdo nígbà tí fáànù ń yí, ọ̀rọ̀ wáyà kẹta ni. Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìkìlọ̀ kò lọ, ó ṣeé ṣe kí fáànù tuntun máa yí wọ́ọ́rọ́ ju ìwọ̀n tí mọ́dàbọ́ọ̀dù kà sí òkú lọ. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù ASUS, 600 RPM ni ìwọ̀n yẹn kí a tó fọwọ́ kàn án, a sì lè mú un wá sí 200 tàbí 300. Kí a má pa ìkìlọ̀ náà rẹ́ pátápátá fún fáànù prósẹ́sọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé BIOS gbà á láyè. Lẹ́yìn náà, kí a jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tó wúwo fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí a sì máa wo ooru prósẹ́sọ̀. Bí ó bá gòkè díẹ̀díẹ̀ tí ó sì dúró sí ibì kan, iṣẹ́ ti parí, a lè dé àpótí. Bí ó bá fò sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, fáànù kò ní ẹ̀bi. Ó ṣeé ṣe kí heat sink má jókòó dáadáa lórí prósẹ́sọ̀, kí a pa á, kí a tú u, kí a sì fi péèsìtì tuntun gbé e lé e lẹ́ẹ̀kan sí i.